Ìwé Ìbí àti Ìwé Ikú ní Ìbàdàn: Láti Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Baálé dé Ọwọ́ Ìjọba Àpapọ̀

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Síbẹ̀, kò sí ìjọba tí ó lè ṣe àkóso ìlú dáradára bí kò bá mọ iye ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ àti iye òkú tí wọ́n sin níbẹ̀. Láàrin ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí ni ìtàn ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú ní Ìbàdàn gbé dúró. Iṣẹ́ tí baálé ilé ń fi orí ara rẹ̀ ṣe nígbà kan di èyí tí àlùfáà ń fi gègé ṣe. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí ọwọ́ ìgbìmọ̀ ìlú. Nígbà tí ó sì di ọdún 1992, òfin ìjọba ológun gbé e kúrò ní ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ó fi lé àjọ kan tí ó jẹ́ ti gbogbo orílẹ̀-èdè lọ́wọ́. Bí iṣẹ́ náà ti ń ṣípò bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ń jìnnà sí ilé tí wọ́n ti ń bímọ àti ilé tí wọ́n ti ń kú. Èrè tí ó wà nínú ìṣípò náà kò kéré, ṣùgbọ́n àdánù rẹ̀ kò ṣeé fojú fò.

Àkọsílẹ̀ Tí Kò Ní Ìwé

Kí ìwé tó dé ni Yorùbá ti ní ọ̀nà tirẹ̀ láti jẹ́rìí sí ìbí ọmọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, ẹbí àti ará àdúgbò a pé jọ láti sọ ọmọ náà lórúkọ. Oyin, iyọ̀, obì, orógbó, ataare àti omi tútù a wà níbẹ̀ fún àdúrà. Ṣùgbọ́n ìpéjọ náà ń ṣe iṣẹ́ mìíràn pẹ̀lú. Gbogbo ẹni tí ó bá fi ẹnu kan iyọ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà ti di ẹlẹ́rìí pé wọ́n bí ọmọ kan, pé ọmọ lágbájá ni, àti pé agboolé báyìí ni wọ́n bí i sí. Orúkọ náà fúnra rẹ̀ a sì máa gbé ìròyìn. Abíọ́dún ń sọ àsìkò tí wọ́n bí i. Táíwò àti Kẹ́hìndé ń sọ pé méjì ni wọ́n. Ìdòwú ń sọ ẹni tí ó tẹ̀lé wọn. Babátúndé ń sọ pé bàbá àgbà ti lọ kí ọmọ náà tó dé, tí ó fi jẹ́ pé ìbí kan àti ikú kan ni orúkọ kan ṣoṣo náà kọ sílẹ̀.

Ohun tí ọ̀nà yìí kò lè sọ ni ọjọ́ orí ní pàtó. Nínú agboolé, ẹni tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n àti ẹni tí ó jẹ́ àbúrò ni ó ṣe pàtàkì, nítorí pé òun ni ó ń fi ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ hàn, àti ẹni tí yóò kọ́kọ́ mú nínú ìpín. Bí wọ́n bá bi ìyá kan léèrè ọdún tí ó bí ọmọ rẹ̀, ìṣẹ̀lẹ̀ ni yóò fi dáhùn. Ní Ìbàdàn, a rí àwọn tí wọ́n bí ní ìgbà ogun Kírìjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí kò sì parí títí di ọdún 1893. A rí àwọn tí wọ́n bí ní ọdún tí ọkọ̀ ojú irin wọ ìlú, èyí tí í ṣe 1901, àti àwọn tí wọ́n bí ní ọdún tí wọ́n ṣí gbọ̀ngàn Màpó, èyí tí í ṣe 1929. Àṣà yìí kò parẹ́ bọ̀rọ̀. Ìwé ti pọ̀ ní ìgboro ní ọdún 1980, síbẹ̀ omi Ògùnpa tí ó yalé ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún náà di òpó tí ọ̀pọ̀ ìyá ń so ọjọ́ orí ọmọ wọn mọ́.

Ọ̀rọ̀ ikú yàtọ̀. Bí arúgbó bá kú, ìlù yóò dún, àwọn ọmọ yóò náwó, wọn yóò sì sin ín sí inú ilé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́. Gbogbo ìlú ni yóò mọ̀. Bí ọmọdé bá kú, òkú ọ̀fọ̀ ni. Kíákíá ni wọ́n ń sin ín, láìsí ìlù, láìsí àlejò, àwọn òbí rẹ̀ kì í sì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ rẹ̀ létí wọn mọ́. Ilé tí ó bá sì ń bá àbíkú jà kì í fẹ́ kí wọ́n ka ọmọ òun rárá. Nípa bẹ́ẹ̀, ikú tí ó yẹ kí aláṣẹ mọ̀ jù lọ, ìyẹn ikú ìkókó àti ti ìyá tí ó kú sórí ìbí, ni ikú tí àṣà ń bò mọ́lẹ̀ jù lọ. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé ó tẹ̀lé iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ dé gbogbo ibi tí ó ṣí lọ.

Gègé Àlùfáà àti Òfin Èkó

Àwọn ìwé ìjọ wà lára ìwé tí ó kọ́kọ́ gba orúkọ ọmọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn. David Hinderer, míṣọ́nnárì ìjọ C.M.S., ṣe àbẹ̀wò sí ìlú náà ní ọdún 1851. Ní ọdún 1853, òun àti Anna aya rẹ̀ wá fi Kúdẹtì ṣe ibùgbé. Níbi tí ìjọ bá wà, ìwé ìrìbọmi a wà pẹ̀lú, tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n rì bọmi sí, àti orúkọ òbí rẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ìwé yìí wúlò gidigidi fún àwọn ọmọ ìjọ. Káàdì ìrìbọmi sì di ẹ̀rí ọjọ́ orí fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ní ayé ìgbà tí ó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìrìbọmi kì í ṣe ọjọ́ ìbí. Ẹlòmíràn ti hu irùngbọ̀n kí ó tó ṣe ìrìbọmi. Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe kò sì sí nínú ìwé náà rárá, bẹ́ẹ̀ àwọn ni ó pọ̀ jù ní Ìbàdàn nígbà náà.

Ọ̀nà kan náà ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbà kọjá. Láti ọdún 1538 ni wọ́n ti pàṣẹ fún àwọn ìjọ ibẹ̀ pé kí wọ́n máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀. Nígbà tí ó ṣe, wọ́n rí i pé ìwé ìjọ kò lè kó gbogbo ará ìlú pọ̀. Wọ́n ṣe òfin ní ọdún 1836, nígbà tí ó sì di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù keje ọdún 1837, ìjọba fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìbí àti ikú sílẹ̀. Ọgbọ́n yìí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé dé Èkó. Wọ́n gba Èkó ní ọdún 1861. Ọdún méjì péré lẹ́yìn náà, ní 1863, wọ́n ṣe òfin kọkànlélógún, tí ó pa ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú láṣẹ ní ìlú Èkó. Ìbàdàn kò sí lábẹ́ wọn nígbà náà. Ìlú ológun ni. Ní ọdún 1862 ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ Ìjàyè. Ní ọdún 1892, wọ́n fa òfin Èkó gùn dé àwọn ìlú mìíràn tí ó wà lábẹ́ àkóso ibẹ̀. Ọdún tí ó tẹ̀lé e gan-an, 1893, ni Baálẹ̀ Fíjàbí àti àwọn ìjòyè rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó mú Ìbàdàn wá sí abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì.

Lẹ́yìn tí Lugard so Gúúsù àti Àríwá Nàìjíríà pọ̀ ní ọdún 1914, òfin kan ṣoṣo lórí ìbí, ikú àti ìsìnkú jáde fún gbogbo ilẹ̀ náà ní ọdún 1917. Àwọn ìlú ńlá ni ọwọ́ rẹ̀ tó; ọ̀pọ̀ ìletò kò mọ̀ pé ó wà. Ohun méjì tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 1918 sì fi ibi tí agbára rẹ̀ mọ hàn. Èkíní ni àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn tí ó jà ká gbogbo ayé, tí ó sì pa àìmọye ènìyàn ní Nàìjíríà láàrin oṣù díẹ̀. Títí di òní, àfojúbù ni gbogbo iye tí àwọn òpìtàn ń dárúkọ, nítorí pé kò sí ìwé tí wọ́n kọ àwọn òkú náà sí. Èkejì ni owó orí tí ìjọba gbé kalẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tí ó dá ogun Adúbi sílẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ẹni tí ó bá mú ìwé àti gègé wá sí ẹnu ọ̀nà ènìyàn, owó orí ni wọ́n ń rò pé ó wá kà. Ọkàn àwọn ará Ìbàdàn náà kò balẹ̀ sí irú àlejò bẹ́ẹ̀; Àgbẹ̀kòyà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1968 fi hàn bí ọ̀rọ̀ owó orí ti rí lára wọn tó.

Ìgbìmọ̀ Ìlú àti Ìbàdàn Titun

Láàrin ọdún 1928, tí wọ́n dá ilé ìwòsàn Adéọ̀yọ́ sílẹ̀, àti ọdún 1957, tí Ilé Ìwòsàn Yunifásítì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí UCH ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ìbí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú yàrá àgbà obìnrin, ó ń bọ̀ sí ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Èyí kì í ṣe nǹkan kékeré fún ìforúkọsílẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá bí ní ilé ìwòsàn ti ní ìwé kí ó tó ní orúkọ. Ṣùgbọ́n àwọn agbẹ̀bí ilé kò ṣíwọ́ iṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ aboyún ń lọ bímọ ní ilé àdúrà. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní ìwé kankan àfi bí òbí wọn bá dìde lọ wá a.

Òfin ìjọba ìbílẹ̀ tí Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà ṣe ní ọdún 1952 ni ó gbé àkóso ìlú kúrò lọ́wọ́ àwọn ìjòyè nìkan, tí ó sì fà á lé ìgbìmọ̀ tí ará ìlú dìbò yàn lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ ìlera jẹ́ ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe. Wolé-wolé rẹ̀ ń wọ agboolé láti yẹ ìkòkò omi àti gọ́tà wò, àwọn ènìyàn sì ń sá fún un. Síbẹ̀, bí ẹnì kan bá wà nínú gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó lè mọ ilé tí òkú wà àti ilé tí ìkókó wà, òun ni.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ọ̀ràn ọjọ́ orí wá gbóná. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn, lábẹ́ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń fẹ́. Ọmọ tí kò ní ìwé ìbí ni wọ́n kó wá. Gbogbo tíṣà ìgbà náà ni ó mọ ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i: ọmọ yóò gbé apá ọ̀tún kọjá lórí, bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó lọ sí ilé ìwé. Ọmọ tí ó gùn lápá wọlé ṣáájú ọjọ́. Ọmọ tí ó kúrú padà sílé lọ sunkún. Lẹ́yìn náà ni tíṣà yóò fojú wọn ọmọ, yóò sì kọ ọdún kan sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ọdún tí tíṣà kọ yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbé dé ilé ìwé gíga, dé ibi iṣẹ́, dé ọjọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì.

Ní àkókò yìí kan náà ni Ìbàdàn titun ń dìde. Ìkànìyàn ọdún 1952 rí ènìyàn 459,196 ní ìlú náà. Ti ọdún 1963 rí 627,379. Bódìjà, tí ilé iṣẹ́ ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn tí ń kọ́ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í tò kalẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1958, kò ní agboolé. Dùgbẹ̀ wà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin, ó sì kún fún ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù. Níbẹ̀ ni Ilé Kòkó parí sí ní ọdún 1965. Àgbowó dàgbà ní iwájú Yunifásítì, ó kún fún akẹ́kọ̀ọ́ àti ayálégbé. Ring Road àti Challenge sì fa ìlú lọ sí apá gúúsù. Ará Ìjẹ̀bú, ará Èkìtì, Ìgbò, Ìsokò àti Haúsá ń gbé ògiri kan náà pọ̀. Bí wọ́n bá bímọ ní irú ilé bẹ́ẹ̀, baálé wo ni yóò jẹ́rìí ní ogún ọdún sí i? Àwọn tí wọ́n fi ẹnu kan iyọ̀ níbi ìkómọ ti lè kó lọ sí Kàdúná tàbí Èkó. Ní Ọ̀jẹ́ tàbí ní Bẹẹrẹ, agboolé ṣì lè dúró bí ìwé. Ní Bódìjà àti Àgbowó, ìwé ni ó gbọ́dọ̀ dúró bí agboolé. Ìdí nìyí tí iṣẹ́ ìforúkọsílẹ̀ fi ṣe pàtàkì ní Ìbàdàn titun ju bí ó ti rí ní ti àtijọ́ lọ.

Àtúntò ìjọba ìbílẹ̀ ti ọdún 1976 sọ ìgboro Ìbàdàn di ìjọba ìbílẹ̀ kan ṣoṣo. Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1979 sì kọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó mọ́ iṣẹ́ àwọn ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tí ó wà ní Dùgbẹ̀ àti ẹni tí ó wà ní Challenge, ìjọba ìbílẹ̀ kan náà ni wọ́n ń wo ojú rẹ̀.

Ìṣípò Ọdún 1992

Kì í ṣe ìjà pẹ̀lú ìjọba ìbílẹ̀ ni ó bí ìṣípò náà. Ohun tí ó bí i ni wàhálà tí ìjọba àpapọ̀ ní pẹ̀lú iye ènìyàn. Èsì ìkànìyàn ọdún 1973 dá awuyewuye sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba Murtala Muhammed fi fagi lé e ní ọdún 1975. Òfin ológun ọdún 1979 sọ ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú di dandan káàkiri orílẹ̀-èdè, ṣùgbọ́n kò so èso tí wọ́n retí. Ní ọdún 1988, ìjọba Ibrahim Babangida dá Àjọ Ìkànìyàn ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Òfin tí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ jáde ní ọdún 1989. Nígbà tí àjọ náà ka ènìyàn ní oṣù kọkànlá ọdún 1991, mílíọ̀nù méjìdínláàádọ́rùn-ún ó lé díẹ̀ ni wọ́n rí, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ti ń fọwọ́ sọ̀yà pé Nàìjíríà ti kọjá ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Orílẹ̀-èdè tí kò ní ìwé ìbí àti ìwé ikú kò ní ohun tí yóò fi díwọ̀n ara rẹ̀ láàrin ìkànìyàn kan sí òmíràn.

Ọdún 1991 yìí náà ni ìjọba pín ìgboro Ìbàdàn sí ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún. Bódìjà àti Àgbowó bọ́ sí Àríwá Ìbàdàn, Dùgbẹ̀ bọ́ sí Àríwá-Ìwọ̀ Oòrùn, Ring Road àti Challenge bọ́ sí Gúúsù-Ìwọ̀ Oòrùn. Wọn kò tíì fi ìdí kalẹ̀ tán nígbà tí òfin ológun kọkàndínláàádọ́rin ti ọdún 1992 dé, tí ó gbé ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú fún Àjọ Ìkànìyàn. Láàrin ọdún méjì péré, Ìbàdàn tí ó ní ìjọba ìgboro kan ṣoṣo di ẹlẹ́ni márùn-ún. Kí àwọn márààrún sì tó mọ ọwọ́ iṣẹ́, iṣẹ́ yìí ti kúrò lọ́wọ́ wọn.

Òfin náà yan akọ̀wé àgbà kan fún gbogbo Nàìjíríà, ó sì ní kí akọ̀wé ìforúkọsílẹ̀ wà ní gbogbo agbègbè ìjọba ìbílẹ̀. Ó fún òbí ní ọgọ́ta ọjọ́ láti lọ forúkọ ọmọ sílẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. Ó ṣe ìwé ẹ̀rí ìbí ní oríṣi kan ṣoṣo. Èrè rẹ̀ hàn kedere: ìwé ọmọ tí wọ́n bí ní Àgbowó kò yàtọ̀ sí ti ọmọ tí wọ́n bí ní Kánò tàbí ní Kàlàbá, kò sì sí ẹni tí yóò máa béèrè bóyá ìjọba ìbílẹ̀ tí ó fún un ní ìwé ṣì wà tàbí wọ́n ti pín in. Fún ìlú tí ìjọba ń pín nígbà gbogbo, ààbò ńlá ni èyí.

Àdánù náà hàn. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ni ilé ìwòsàn kékeré tí aboyún ń lọ, òun ni ó ni wolé-wolé. Akọ̀wé tí ń kọ ìbí sílẹ̀, Abùjá ni ọ̀gá rẹ̀ wà. Nígbà púpọ̀, inú ilé ìwòsàn ìjọba ìbílẹ̀ gan-an ni akọ̀wé yìí ń jókòó sí, bí àlejò tí wọ́n yá ní àga. Ẹni tí ó ni ilé kò ni ìwé. Ẹni tí ó ni ìwé kò ni ilé.

Ìwé Òfin Kan, Olúwa Méjì

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, ìbá ti yé gbogbo ènìyàn. Ṣùgbọ́n Ìwé Òfin ọdún 1999, tí Nàìjíríà fi ń ṣe ìjọba alágbádá, sọ ọ̀rọ̀ méjì. Ní àfikún kẹta, ó fún Àjọ Ìkànìyàn ní agbára láti gbé ètò kalẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀ ìbí àti ikú nígbà gbogbo àti níbi gbogbo ní orílẹ̀-èdè náà. Ní àfikún kẹrin, ó tún ka ìforúkọsílẹ̀ gbogbo ìbí, ikú àti ìgbéyàwó mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìwé kan náà ni, ọjọ́ kan náà ni ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nítorí èyí, ní ọ̀pọ̀ ibi ní Nàìjíríà, ìjọba ìbílẹ̀ kò dẹ́kun láti máa fún ará ìlú ní ìwé ìbí. Àjọ Ìkànìyàn ní tirẹ̀ sì ń kéde pé ìwé òun nìkan ni ojúlówó. Ará ìlú ni ó ń jìyà rẹ̀. Òbí a gba ìwé kan lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, a fi pamọ́ sínú àpótí, ọjọ́ tí ọmọ bá fẹ́ gba ìwé ìrìnnà ni wọn yóò tó mọ̀ pé òmíràn ni àwọn ń béèrè.

Àwọn tí wọ́n bí ṣáájú 1992 náà ní ìṣòro tiwọn. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kò ní ìwé ìbí rárá. Àwọn wọ̀nyí ni ó ń lọ sí kóòtù, tí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n wọn ń búra níbẹ̀ pé òun mọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn. Bí a bá wò ó dáradára, ẹ̀rí ọ̀dẹ̀dẹ̀ baálé náà ni ó padà wá, tí wọ́n lu òǹtẹ̀ kóòtù sí i lára. Ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹlẹ́rìí àtijọ́ kò ní ohun tí yóò fi irọ́ ṣe. Nígbà tí òfin iṣẹ́ ìjọba sọ pé kí ènìyàn fẹ̀yìn tì ní ọmọ ọgọ́ta ọdún, tàbí lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì lẹ́nu iṣẹ́, ọjọ́ orí di ohun tí wọ́n ń gé kúrú. Bí àbúrò ṣe ń fẹ̀yìn tì ṣáájú ẹ̀gbọ́n nìyẹn, tí àwọn méjèèjì yóò sì padà sí agboolé tí kò sí ẹni tí kò mọ ẹni tí ó ju ẹnì kejì lọ.

Òkú Tí Kò Béèrè Ìwé

Ìforúkọsílẹ̀ ìbí ti ń gòkè. Ìwádìí ìjọba ti ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní Nàìjíríà, mẹ́tàlélógójì ni wọ́n ti forúkọ ìbí wọn sílẹ̀. Ìwádìí ọdún 2021 rí mẹ́tàdínlọ́gọ́ta. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí ètò tí ó gbé iṣẹ́ náà sí orí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà. Ilé ìwé ń béèrè ìwé ìbí, ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà ń béèrè rẹ̀, nítorí náà àwọn òbí ń lọ gbà á.

Ikú kò bá ìbí gòkè. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀: ọmọ nílò ìwé, òkú kò nílò rẹ̀. Àyàfi bí olóògbé bá fi owó sílẹ̀ ní báǹkì, tàbí owó ìfẹ̀yìntì, tàbí ilẹ̀ tí àwọn ọmọ ń pín, kò sí ohun tí yóò gbé ẹbí lọ sí ọ́fíìsì akọ̀wé. Wọ́n ṣì ń sin àgbà sí inú ilé rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, wọ́n ṣì ń yára gbé òkú ọ̀fọ̀ pamọ́. Ohun tí àṣà fi ẹnu bò ní ayé àtijọ́ ni òfin kò tíì lè ṣí síta. Kì í sì í ṣe òǹkà lásán ni ó ń sọnù níbẹ̀. Bí ìgbẹ́ gbuuru bá pa ìkókó mẹ́wàá ní àdúgbò kan láàrin oṣù kan, tí wọ́n sin wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan láìkọ ọ́ sílẹ̀, ìyá mẹ́wàá ni yóò sunkún, ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ ìlera kan tí yóò mọ̀ pé omi àdúgbò náà ni kò dára.

Kò sí ìdí tí ó fi yẹ kí iṣẹ́ náà padà sí bí ó ti wà ṣáájú 1992. Ìjọba ìbílẹ̀ tí wọ́n lè pín sí márùn-ún lónìí, tí wọ́n sì lè tún pín lọ́la, kò ṣeé fi ìwé ọgọ́rin ọdún pamọ́ sí lọ́wọ́. Kò sì sí ìdí tí Abùjá fi gbọ́dọ̀ máa dá nìkan wá ẹni tí ó bímọ ní Àgbowó àti ẹni tí ó kú ní Challenge. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí òfin náà ti wá, ìjọba ìbílẹ̀ ni ó ni ọ́fíìsì tí ará ìlú ń lọ, tí ó sì ń gba akọ̀wé rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ni ó ń ṣe ìlànà, tí ó sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo orílẹ̀-èdè pọ̀ sí ojú kan. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bí àfikún kẹta àti àfikún kẹrin Ìwé Òfin bá lè di ọwọ́ méjì tí ń gbé ẹrù kan náà, dípò ọwọ́ méjì tí ń fa ìwé kan ya, wolé-wolé àti ẹgbẹ́ onílé àdúgbò yóò máa mú ìròyìn wá, akọ̀wé Àjọ Ìkànìyàn yóò sì máa kọ ọ́.

Òfin fún òbí ní ọgọ́ta ọjọ́. Àṣà Yorùbá kò fún wọn ju mẹ́jọ lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹjọ náà, ì báà jẹ́ ní Ọ̀jẹ́, ì báà jẹ́ ní Bódìjà, ọmọ ti ní orúkọ, òbí ti pé, ẹlẹ́rìí ti kún ilé. Kò sí ohun tí akọ̀wé ń wá tí kò sí níbẹ̀. Akọ̀wé náà gan-an ni wọn kò tíì pè.